MARIA MITCHELL: TÍṢÀ TÓ MÚ KÍLÁÀSÌ RẸ̀ JÁDE LÓRU

Ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan ni mo mú wá sára ògiri wa lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe olóṣèlú, kì í ṣe olórin, kì í sì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Tíṣà ni. Maria Mitchell lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti kú láti ọdún 1889. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ẹ̀kọ́ nípa ayé, oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, kò sì kọ́ wọn láti inú ìwé nìkan. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ á rí i pé orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ obìnrin yìí dúró lé.

ILÉ TÍ WỌ́N BÍ I SÍ

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1818 ni wọ́n bí Maria, ní erékùṣù kan tó ń jẹ́ Nantucket, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. William ni bàbá rẹ̀, Lydia sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí, Maria ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìjọ Quaker ni ìdílé wọn ń lọ, àwọn ìjọ yẹn sì gbà pé ó yẹ kí ọmọbìnrin kàwé bí ọmọkùnrin ṣe ń kà á. Ní ayé ìgbà yẹn, èyí kò wọ́pọ̀ rárá.

Ẹja àbùùbùtán ni àwọn ará Nantucket ń lọ pa lójú òkun, torí òróró rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan àtùpà. Ọkọ̀ wọn lè lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kó tó padà wálé. Lójú agbami, kò sí òkè, kò sí igi, kò sí ẹni tí èèyàn máa bi léèrè ọ̀nà. Oòrùn àti ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Torí náà, ní ìlú Maria, ẹ̀kọ́ ojú sánmà kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ń ṣe. Ẹ̀kọ́ tó ń gba ẹ̀mí là ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí ó wà nínú Jọ́gíráfì tí gbogbo wa ń ṣe. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Tí a bá pín dígírì 360 sí ọ̀nà 24, dígírì 15 ló kan wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó bá ń lọ sójú òkun máa ń gbé aago kan dání, aago ilé ni aago yẹn ń sọ. Tí ọ̀gá ọkọ̀ bá rí i pé oòrùn ti dé ibi tó ga jù lójú ọ̀run, ó mọ̀ pé ọ̀sán gangan ni níbi tí òun wà. Á wá wo aago yẹn. Tó bá sọ pé aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù nílé, wákàtí mẹ́ta ló wà láàárín wọn nìyẹn, ìyẹn dígírì 45 sí ìwọ̀-oòrùn ilé. Ṣùgbọ́n tí aago yẹn bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ṣìnà ńkọ́? Dígírì kan ti sọnù nìyẹn, ìyẹn sì tó nǹkan bíi kìlómítà 111 lórí ìlà agbede-méjì ayé. Ọkọ̀ lè ti gun orí àpáta kí wọ́n tó mọ̀.

Bàbá Maria ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ń gbé aago wọn wá bá, kó fi ìràwọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń sáré tàbí ó ń fà. Maria kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé.

Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 1831, òṣùpá bọ́ sí iwájú oòrùn ní ọ̀sán. Kò bò ó tán. Òṣùpá jìnnà sí ayé díẹ̀ lásìkò yẹn, nítorí náà kò tóbi tó lójú wa láti bo gbogbo oòrùn; etí oòrùn ló kù tó yí i ká bí òrùka. Bàbá Maria fi ojú sí awò awọ̀nàjíjìn, ìyẹn awò gígùn tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni, ó sì ní kí Maria dúró ti aago kó máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ṣírò ibi tí ilé wọn wà gan-an lórí ayé. Ọmọ ọdún 12 ni Maria nígbà náà. Ẹ wo àwọn àbúrò wa ní JSS 2, kí ẹ wá rò ó wò pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tòótọ́ ni wọ́n gbé lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, wọn ò ní kó lọ jókòó títí tó fi máa dàgbà.

ILÉÈWÉ TIRẸ̀, ILÉ ÌKÀWÉ TIRẸ̀

Ní ọdún 1835, Maria dá iléèwé kékeré kan sílẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwa SS yìí lọ. Ní àsìkò yẹn, iléèwé ìjọba ní Nantucket kì í jẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú bá ọmọ òyìnbó jókòó. Maria ní tòun ò rí bẹ́ẹ̀, ó gba àwọn ọmọ tí kì í ṣe òyìnbó sínú kíláàsì rẹ̀. Nígbà tó yá, kò wọ aṣọ òwú mọ́, torí pé ẹrú ni wọ́n ń lò lóko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbà á síṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìlú náà. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi wà níbẹ̀. Maria ò lọ sí yunifásítì rárá. Èyí tó ń gba obìnrin nígbà náà ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ilé ìkàwé yẹn ló sọ di yunifásítì. Tí èrò bá ti dínkù, á ṣí ìwé ìṣirò ńláńlá àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Gauss ará Jámánì àti Laplace ará Faransé, á máa kà á. Tó bá di alẹ́, á gòkè lọ wo sánmà.

ALẸ́ ỌJỌ́ KÌÍNÍ OṢÙ KẸWÀÁ

Báǹkì ni bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, inú ilé báǹkì náà ni gbogbo ìdílé sì ń gbé. Wọ́n ṣe ibi tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ sórí òrùlé. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1847, àlejò kún ilé wọn. Maria yọ́ kúrò láàárín èrò, ó gba orí òrùlé lọ. Nígbà tó fojú sí awò kékeré rẹ̀, ó rí ohun kan tó ń tàn bàìbàì, kò jìnnà sí ìràwọ̀ tó máa ń dúró sí apá àríwá. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. 

Ẹ dúró síbí ná. Báwo ló ṣe mọ̀? Èmi àti ẹ̀yin lè wo ibẹ̀ lónìí ká má rí ìyàtọ̀ kankan. Maria mọ̀ torí pé ó ti wo ibẹ̀ láìmọye alẹ́, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àdúgbò rẹ̀. Tí àlejò bá wọ àdúgbò, onílé ló ń kọ́kọ́ mọ̀.

Ìràwọ̀ onírù ni ohun tó rí, èyí tí ojú lásán ò lè rí. Bàbá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ní Harvard. Ọba ilẹ̀ Denmark ti ṣèlérí àmì ẹ̀yẹ góòlù fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fi awò rí irú ìràwọ̀ onírù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta oṣù yẹn, àlùfáà kan ní Róòmù, Francesco de Vico, rí ìràwọ̀ kan náà, ìròyìn tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ tàn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Góòlù Maria fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọ̀gá àgbà Harvard dá sí i, ó kọ̀wé, wọ́n wo déètì, wọ́n sì rí i pé Maria ló fi ọjọ́ méjì ṣáájú. Ní 1848, wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni àmì ẹ̀yẹ náà. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé wọ́n kọ ọjọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá rí tí kò kọ ọ́, bí ẹni tí kò rí ni.

Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń jẹ́ American Academy of Arts and Sciences gbà á wọlé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́. Lọ́dún 1849, wọ́n gbà á láti máa ṣírò fún ìwé tí àwọn atukọ̀ ń lò. Àgùàlà ni wọ́n fún un, ìyẹn èyí tí àwọn àgbà máa ń pè ní ajá òṣùpá torí pé ó máa ń wà nítòsí òṣùpá. Maria á ṣírò ibi tí Àgùàlà máa wà lójú ọ̀run, kí àwọn tó wà lójú òkun lè fi mọ ọ̀nà. 

Ní 1857 ó rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù. Nígbà tó dé Róòmù, ibi tí àwọn àlùfáà ti ń wo ìràwọ̀ kì í gba obìnrin láyè. Ó tọrọ àyè títí tí wọ́n fi gbà fún un, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó dúró di òru. Ẹ gbọ́ kẹ̀! Ibi tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀, wọ́n ní kí èèyàn máa lọ kí ìràwọ̀ tó yọ dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó DI TÍṢÀ NÍ VASSAR

Ọkùnrin kan wà tó rí owó nídìí bíà pípọn, Matthew Vassar lorúkọ rẹ̀. Ó fi owó rẹ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ fún obìnrin ní Poughkeepsie, ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1865, Maria Mitchell ni wọ́n fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìràwọ̀. Wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ti ń wo sánmà fún un, awò ńlá wà nínú rẹ̀. Gíláàsì iwájú awò náà fẹ̀ tó íǹṣì 12, ìyẹn bí rúlà wa ṣe gùn. Ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà ni. Inú ilé yẹn náà ni òun àti bàbá rẹ̀ arúgbó ń gbé.

Báwo wá ni Mísì Mitchell ṣe ń kọ́ni? Àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí ìwé jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn ìbéèrè, á bi í bóyá ńṣe ló kà á tàbí ó fojú ara rẹ̀ rí i. Ìkejì, ó ń gbé iṣẹ́ tòótọ́ lé wọn lọ́wọ́, bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe fún un. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò ojú oòrùn, wọ́n ń wo àwọn àmì dúdú ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí padà. Ìkẹta, kò fẹ́ràn máàkì. Kò gbà pé èèyàn lè fi nọ́ńbà wọn ohun tó wà nínú orí ọmọ. (Ẹ má fi èyí halẹ̀ mọ́ àwọn tíṣà wa o, WAEC ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.) Ìkẹrin, kò fi ìṣirò ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ bá a wo ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ mọ Máàtì.

Ìkarùn-ún ló dùn mọ́ mi jù. Ní ayé ìgbà yẹn, wọ́n kà á sí ohun tí kò bójú mu kí ọmọbìnrin máa jáde lóru. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kì í yọ lọ́sàn-án. Mísì Mitchell ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó kọjá agbára rẹ̀, ó kàn ń mú kíláàsì rẹ̀ jáde lóru ni. Ẹni tí wọ́n lé síta kí ilẹ̀ tó ṣú ní Róòmù ti wá di ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn òru fún àwọn ọmọ ẹlòmíì.

Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó gba ìsinmi, ó máa ń se àsè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lábẹ́ awò ńlá yẹn. Á ti kọ ewì kékeré sílẹ̀ fún wọn. 

ỌJỌ́ TÍ Ọ̀SÁN DÒRU

Ní oṣù Kẹjọ 1869, Mísì Mitchell kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Burlington ní ìpínlẹ̀ Iowa, torí pé òṣùpá máa bo oòrùn pátápátá níbẹ̀. Ní 1878, ó tún lọ sí Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado, òun àti ẹgbẹ́ obìnrin kékeré kan. Àwọn kan lára wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ìrìn àjò ju kìlómítà 2,500 lọ nínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin méjì ń bá ara wọn jà lójú ọ̀nà, ìjà yẹn sì dá ẹrù tí gíláàsì awò wọn wà nínú rẹ̀ dúró. Òjò tún ń rọ̀ ní Denver. Ẹrù yẹn padà dé, òjò dá, ojú ọ̀run sì mọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje. Òṣùpá bo oòrùn, ọ̀sán dòru, ìmọ́lẹ̀ funfun sì yọ yí oòrùn ká bí adé. Ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ìtànṣán oòrùn ni kì í jẹ́ ká rí i. Gbogbo rẹ̀ ò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbogbo wàhálà yẹn, nítorí ohun tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó lè fún èèyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn.

OWÓ OṢÙ ÀTI Ẹ̀TỌ́

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Dọ́là 800 ni wọ́n ń san fún Mísì Mitchell lọ́dún, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọkùnrin ń gba iye tó ju 2,000 lọ. Òun tó gba góòlù lọ́wọ́ ọba o! Òun àti Alida Avery, dókítà obìnrin tó ń kọ́ni níbẹ̀, pawọ́ pọ̀ béèrè ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n sì fi owó kún un fún wọn. Ní 1873, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìlọsíwájú àwọn obìnrin. 

ÀWỌN ỌMỌ TÓ FI SÍLẸ̀

Maria ò lọ́kọ, kò sì bímọ, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó kọ́. Mary Whitney ló gba ipò rẹ̀ ní Vassar. Antonia Maury lọ sí Harvard, ó wà lára àwọn tó pín ìràwọ̀ sí oríṣiríṣi nípa ìmọ́lẹ̀ wọn. Ellen Swallow Richards di onímọ̀ Kẹ́místírì, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ MIT, ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá lórí àyẹ̀wò omi tí àwọn èèyàn ń mu. Ẹ ò rí i? Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń wo ìràwọ̀ dáadáa lè wo omi inú ife dáadáa.

Mísì Mitchell fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ara ò gbé e mọ́, ó sì kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1889 ní ìlú Lynn, Massachusetts. Ẹni ọdún 70 ni. Kòtò ńlá kan wà lójú òṣùpá báyìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

ÀWA Ń KỌ́?

Iléèwé àárọ̀-lọ-ọ̀sán-bọ̀ ni tiwa. Ọ̀sán ni a ń kọ́ nípa ìràwọ̀, nígbà tí ẹyọ kan ò sí lójú ọ̀run. Tíṣà á ya oòrùn sójú bọ́ọ̀dù, á ya ayé, á ya òṣùpá, àwa náà á yà á sínú nóòtì, a ó há a sórí de ìdánwò. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lè sọ lónìí irú òṣùpá tó yọ lánàá?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, òṣùpá bo oòrùn lórí Nàìjíríà. Ní àwọn ibì kan ní Àríwá, ó bò ó pátápátá. Níhìn-ín, ó bo apá kan. Ẹ bi àwọn òbí yín. Ọ̀pọ̀ á ní àwọ́n rántí. Ẹ wá bi wọ́n pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ò ní pọ̀.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ oníròyìn iléèwé wa fẹ́ ká gbìyànjú nǹkan kan. Fún oṣù kan gbáko, kí ẹni tó bá fẹ́ jáde sí iwájú ilé wọn lálẹ́, kó wo òṣùpá, kó yà á sórí bébà, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i. Kó wò ó bóyá Àgùàlà wà nítòsí rẹ̀. Tí sánmà bá ṣú, kó kọ pé ó ṣú. Kò gba owó, kò gba awò ńlá. Tí wọ́n bá mú iná lọ ní àdúgbò, ẹ má bínú jù, ìgbà yẹn gan-an ni ìràwọ̀ máa ń hàn dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wo oòrùn, kó má fi ojú wò ó o, ojú lè fọ́. Kó fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré sára páálí, kó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà bọ́ sórí bébà funfun. Àwòrán oòrùn á hàn níbẹ̀.

Sí àwọn olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la ní: alẹ́ kan péré ní táàmù kan, kí àwọn òbí mọ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ ká pàdé ní pápá iléèwé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, lọ́mọkùnrin lọ́mọbìnrin. 

A ti lẹ bébà òfìfo kan sí ìsàlẹ̀ ìtàn yìí. Ibẹ̀ ni ká máa lẹ àwòrán òṣùpá wa mọ́ láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ẹ má gbàgbé déètì.